Ẹ Bá Wa Béèrè Èsì Wa: Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Ará Etí Odò Ajílósùn

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́,
Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì,
Adó-Èkìtì.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Àwa ará etí odò Ajílósùn, àwọn tó ń ṣe gàrí, mẹkáníìkì, alájàpá àti onílé, la kúnlẹ̀ níwájú yín pẹ̀lú ìwé yìí. A ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀.

Ọdọọdún làwọn ọmọ yunifásítì ń wọ àdúgbò wa, ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, ike kékeré nínú àpò. Tọwọ́tẹsẹ̀ la fi ń gbà wọ́n, torí ọmọ wa ni wọ́n. Òmíràn tilẹ̀ háyà yàrá lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á béèrè iye ọmọ tá a bí, ibi tá à ń da pàǹtí sí, irú ṣáláńgá tá à ń lò. Wọ́n á fa omi kànga, wọ́n á fi ọ̀dà kọ nọ́mbà sí ẹnu rẹ̀. Ó tún dìgbà kan nìyẹn. Nọ́mbà ṣì wà lára kànga. A ò tíì gbọ́ bóyá omi náà ṣeé mu.

Èyí tó tún ká wa lára ni àkókò tí wọ́n ń wá. Ìgbà tí pùrójẹ́ẹ̀tì bá ká wọn mọ́ ni wọ́n ń sáré bu omi, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga mọ́ gaara. Bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò ni wàhálà wa. Ajílósùn á kún, omi ẹ̀gẹ́ àti ọ́ìlì ọkọ̀ á bá àgbàrá rìn, ṣáláńgá á kún fọ́fọ́, omi kànga á yí àwọ̀. Ìyá tó ń pọn ọ́n lójoojúmọ́ mọ òjò tó máa ń bà á jẹ́, ó sì mọ òórùn tó máa ń kọ́kọ́ gbé. Wọn ò bi í. Pùrójẹ́ẹ̀tì tí kò bi ìyá yẹn lè gba máàkì rẹpẹtẹ, kó sì sọ fáyé pé omi wa dára. Àwa tó ń ṣe gàrí náà ń fẹ́ ẹni tó máa sọ fún wa ibi tó yẹ ká da omi ẹ̀gẹ́ sí tí kò ní dé inú kànga ẹlòmíì.

A ò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Owó àpò wọn ni wọ́n fi ń gun ọ̀kadà, òun náà ni wọ́n fi ń tẹ ìwé ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní máàkì torí pé wọ́n padà wá ṣàlàyé fún oníkànga.

Ohun tá à ń tọrọ ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ gíga bá ará ìlú ṣiṣẹ́ pọ̀, irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá àti nílẹ̀ òkèèrè. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé iṣẹ́ ìlera lọ sí Ìbàràpá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n ń wọ agboolé kiri. Ní 1969, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìgbèríko láàárín àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìsọ̀yà. Ní Tàǹsáníà, láwọn ọdún 1970 sókè, àwọn olùwádìí jókòó ti ará abúlé kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọ́n máa wádìí. Èkìtì tó ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn, ṣé irú èyí ló máa ṣòro fún?

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Adó àti agbègbè rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìbéèrè kankan sílẹ̀, kó wá sí ìpàdé àdúgbò, ká jọ yan ohun tá a fẹ́ mọ̀ àti ìgbà tó yẹ ká bu omi. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa bá wọn ṣe é, kí wọ́n sì kọ́ ọ. Kí èsì dé ọ̀dọ̀ wa, ní èdè Yorùbá, kí pùrójẹ́ẹ̀tì tó dé ọwọ́ ọ̀gá wọn. Kí ilé ẹ̀kọ́ sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ máàkì, bí wọ́n ṣe ń ka áì-tì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níléeṣẹ́. Tí owó ọkọ̀ bá lè jáde fún wọn látinú ètò ìsúná, a dúpẹ́; tí kò bá sí, a ó máa fún wọn lóúnjẹ.

Kànga ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kí òjò tó dé.

Àwa ọmọ ìlú yín,
Àwọn ará etí odò Ajílósùn, Adó-Èkìtì.