ṢÉ KÁŃTÀ BÁǸKÌ NÌKAN NI ỌMỌ TÓ KA FINANCE Ń LỌ?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra JAMB.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan nínú ìjọ mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa pé ká bá òun bá a wí. Ọmọ fẹ́ ka Finance ní yunifásítì. Bàbá ní rárá, Law ni. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣé torí kó lè máa ka owó olówó lẹ́yìn káńtà ni mo ṣe ń san school fees látọjọ́ yìí?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn rán wa létí nǹkan tí a ò fẹ́ rántí.

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. Ní 2016, nígbà tí ètò owó kan gba ìlú kan, tó ń ṣèlérí èrè 30% lóṣooṣù, àwa náà fi owó sí i. Kì í ṣe owó ìjọ o, owó àpò wa ni, àmọ́ àwọn ará rí wa, wọ́n sì tẹ̀ lé wa. Ọmọ ìjọ kan wà ní 300 level nígbà náà, Finance ló ń kà. Ó wá bá wa lẹ́yìn ìsìn, ó fi bíró ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìkéde: tí ẹ bá fi ₦10,000 sí i, tí ẹ ò fọwọ́ kàn án fún ọdún kan, á di ₦232,980. Ó ní, "Daddy, òwò wo ni wọ́n ń ṣe tó ń mú irú èrè yìí wá?" A ní kó lọ gbàdúrà kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lè pọ̀ sí i.

Kí ọdún yẹn tó parí, owó àwọn èèyàn ti há síbẹ̀. Ìyá kan nínú ìjọ, owó tó fẹ́ fi ra ọjà Kérésì ló bá a lọ. Ohun tí ọmọ kékeré fi bíró rí, àwa tí à ń wàásù ò rí i.

Ìdí nìyẹn tí a fi sọ fún bàbá yìí pé kó fi ọmọ sílẹ̀ kó ka ohun tó fẹ́.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀? Ẹ wo àjọ tí à ń dá. Ẹni mẹ́wàá, ₦20,000 lóṣù, ₦200,000 ni kálukú máa kó. Iye kan náà ni, àbí? Kí ló wá dé tí gbogbo wa fi ń fẹ́ kó o lákọ̀ọ́kọ́? Torí ₦200,000 oṣù kìíní kì í ṣe ẹgbẹ́ ₦200,000 oṣù kẹwàá. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti fi ṣòwò; ẹni tó kó kẹ́yìn, ọjà ti gbówó lórí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí láìlọ yunifásítì. Ọmọ tó ka Finance ló máa jókòó ṣírò iye tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́. Accounting ń kọ ibi tí owó gbà kọjá sílẹ̀. Finance ń béèrè ibi tó yẹ kí owó lọ lọ́la, àti ewu tó wà lọ́nà.

Báǹkì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nínú báǹkì gan-an, ẹnì kan wà tó ń yẹ ìwé ẹni tó fẹ́ yáwó wò. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, tí òfin 2004 bí, ń wá ẹni tó mọ ibi tí wọ́n á fi owó òṣìṣẹ́ sí fún ọgbọ̀n ọdún tí kò ní jó rẹ̀yìn. Ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín ilé iṣẹ́ l'Ékòó ti ń ná láti 1961. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe stockbroker á jókòó fún ìdánwò Chartered Institute of Stockbrokers. Insurance ńkọ́? Fintech ní Yaba ńkọ́? Debt Management Office wà l'Ábújá tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀ (iṣẹ́ ò lè tán níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀).

A ò ní tàn yín o. Ọmọ tó ń sá fún Maths, kó má lọ: English, Maths àti Economics ni JAMB ń béèrè, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan sí i. Digirí nìkan kì í sábà tó. Ọ̀pọ̀ ń fi ICAN kún un, àwọn mìíràn CFA, ìpele mẹ́ta, dọ́là sì ni wọ́n fi ń san án.

Ohun kan tún wà. Àwọn ọmọ wa kan tí báǹkì gbà sí iṣẹ́ contract, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ wá mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan wá láàárín oṣù díẹ̀, ti sunkún ní ọ́fíìsì wa rí. Ẹ̀yin òbí, bí target bá fẹ́ sọ ọmọbìnrin yín di ohun tí kò jẹ́, ẹ ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa bọ̀ nílé. Ẹ má wo súùtù.

Ọmọ 2016 yẹn wà ní ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì báyìí. A pè é lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá yẹn wá, a tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. A mọ̀ pé kò gbàgbé. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn kejì, láti bá àwọn ọmọ SS2 àti SS3 jókòó. Ẹ mú wọn wá, kí wọ́n mú bíró àti ìwé lọ́wọ́. Bàbá yẹn ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó ní òun náà ń bọ̀.