Iye àti Ìwọ̀n: Ohun tí Àtẹ Ọlọ́sàn Lè Kọ́ Olùkọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Fìdítì, ìlú tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ ọsàn. Bí oníbàárà bá dúró níwájú àtẹ níbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kò le: "Mélòó ni igba náírà?" Ṣùgbọ́n bí ó bá yà sí ọ̀dọ̀ elépo, kò ní béèrè pé "Epo mélòó?" Ohun ìwọ̀n ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: ìgò epo mélòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóńgò gààrí mélòó. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ti àtẹ ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí ó tó mọ ìwé kà. Síbẹ̀, bí ọmọ kan náà bá dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó kọ "much oranges" tàbí "many oil", bíírò pupa ni yóò fa ìlà sí i nídìí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òfin tí ó rú kò ṣàjèjì sí ẹnu ìyá rẹ̀.

Orísun àṣìṣe náà kò fara sin. Ní èdè Yorùbá, "púpọ̀" ń bá ohun gbogbo rìn: ọsàn púpọ̀, epo púpọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀: "many oranges", "much oil". Bákan náà ni "díẹ̀" rí: "few" ni ti ọsàn, "little" ni ti epo. Nígbà tí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti orí "púpọ̀", ibi tí èdè méjèèjì ti pínyà gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rí ọ̀rọ̀ méjì dípò ẹyọ kan, ó sì ń mú èyí tí ó bá wù ú. Orí "mélòó" ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni èdè méjèèjì ti pàdé.

Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó bá gba "mélòó" láìsí ohun ìwọ̀n, aṣeékà ni. "Many", "few" àti "fewer" ni tirẹ̀. Èyí tí kò bá gbà á, aláìṣeékà ni. "Much", "little" àti "less" ni ó yẹ ẹ́. Ní ti "a lot of", "some" àti "enough", wọ́n ń bá méjèèjì lọ, gẹ́gẹ́ bí "púpọ̀" ti ń ṣe nílé.

Òtítọ́ ni pé ìdánwò yìí ní ààlà. Yorùbá a máa sọ pé búrẹ́dì méjì, ìmọ̀ràn mẹ́ta, ìròyìn mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka "bread", "advice" àti "news" bẹ́ẹ̀. Irú àwọn wọ̀nyí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò há sórí. Ṣùgbọ́n kí a há àkójọ kékeré kan sórí yàtọ̀ sí kí a há gbogbo èdè sórí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn atúmọ̀ èdè pẹ̀lú. Bí ìwé ìlera kan bá sọ pé "few children" ni ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá sọ pé "a few children" ti gbà á, ìròyìn ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Atúmọ̀ tí ó bá kọ "ọmọ díẹ̀" fún méjèèjì ti sọ ìkìlọ̀ náà nù. Àkọ́kọ́ ni "àwọn ọmọ tí ó gbà á kò tó nǹkan"; èkejì ni "àwọn ọmọ díẹ̀ ti gbà á". Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ohun tí yóò fi ya méjèèjì sọ́tọ̀. Kìkì pé kì í ṣe inú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni ó fi ìyàtọ̀ náà sí.

Àwọn kan yóò ní kí a má ṣe jẹ́ kí Yorùbá wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má baà bà á jẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti dáhùn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́, síbẹ̀ àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀-ìperí kò sì wọ́n. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Olùkọ́ Yorùbá ń lo "aṣeékà" àti "aláìṣeékà" nínú kíláàsì tirẹ̀. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní kíláàsì kejì ni kò yá a lò. Ó yẹ kí ó yá a. Ó sì yẹ kí a fi méjì kún un: "ọ̀rọ̀ iye" fún "many" àti ẹgbẹ́ rẹ̀, "ọ̀rọ̀ ìwọ̀n" fún "much" àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì, àṣìṣe tí a fẹ́ wò sàn ni a tún fi orúkọ bò mọ́lẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ ọlọ́sàn Fìdítì ti gbé ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì; kí olùkọ́ má ṣe ní kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ síta kí ó tó wọlé.