Kọ́kọ́rọ́ Méjì Ni Àpótí Wi-Fi Ní

 Ẹ̀yin ọlọ́jà Mọ́níyà àti Ìyànà Ọ̀fà, ẹ kú ọjà, a kò ní tà pàdánù. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi ojoojúmọ́ là á já láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànràn, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Èmi wí pé ẹ ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀ láyé kí ẹ tó lọ jẹ ìyókù.

Ìbéèrè kan náà ni ó ti ń dé ọ̀dọ̀ mi láti bí oṣù mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń wọ̀ wá. Olùkọ́ kan ní ìhà Lálúpọn wí pé ọmọ òun tí ó wà ní Èkó ra àpótí íntánẹ́ẹ̀tì wá sílé nígbà ọdún. Ọmọ náà tò ó, ó so fóònù gbogbo ará ilé mọ́ ọn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, olùkọ́ yìí ra láptọ́ọ̀pù láti fi máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí WAEC. Ẹ̀rọ ń béèrè páswọ́ọ̀dù, kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ nínú ilé, ọmọ kò gbé fóònù, ọjọ́ tí wọ́n dá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí máàkì kò bá wọlé, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Èkejì ni ti ìyá oníṣòwò kan ní Mọ́níyà. Ó ní òun ń ra dátà bí ẹni ń pọn omi sínú ajere. Èyí tí ó yẹ kí ó lo oṣù kan kì í lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fẹ́ mọ ẹni tí ń bá òun mu ún.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ìdí kan ni wọ́n ní: ẹni tí ó ni àpótí kọ́ ni ó mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí kékeré tí wọ́n fi wáyà gbé wọnú ilé. Èkó ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1935, kò sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé Ìbàdàn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá yí i ni yóò gbọ́, kì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ìwọ. Àpótí Wi-Fi, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ráútà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbèsì. Lẹ́tà tí ẹ kọ àti owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti bánkì, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Inú afẹ́fẹ́ ni ó sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù, kì í ṣe inú wáyà, ògiri kò sì lè dá a dúró tán. Ará ilé kejì lè gbọ́ ọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi àgádágodo sí i lẹ́nu.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ni àgádágodo yìí ní, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Èkíní ni ti ẹnu ọ̀nà òde. Òun ni páswọ́ọ̀dù Wi-Fi tí fóònù àti láptọ́ọ̀pù ń béèrè kí wọ́n tó wọlé. Èkejì ni ti yàrá baálé. Òun ni orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ ojú ewé ìṣètò, níbi tí a ti lè yí ohun gbogbo padà nínú àpótí náà. Bí ẹ bá fi ti yàrá ṣí ẹnu ọ̀nà òde, kò ní ṣí, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Kí a tó wá kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ ni ó sọnù lóòótọ́. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti so mọ́ Wi-Fi, ṣùgbọ́n tí kò sí ohun tí ó ń ṣí, kì í ṣe ẹjọ́ páswọ́ọ̀dù mọ́. Bóyá dátà ti tán, tàbí ọ̀nà ló dí níbòmíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn ńlá mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, Gánà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì lò dáadáa. Kò sí páswọ́ọ̀dù tí ó lè tún irú èyí ṣe.

Bí ó bá wá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ tẹ̀lé mi ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ẹ má fo ọ̀kan dé èkejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dojú àpótí náà dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bébà pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó rí orúkọ Wi-Fi níbẹ̀, wọn a máa kọ ọ́ sí "SSID". Ẹ ó rí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n lè pè é ní "Wi-Fi Key" tàbí "WPA Key". Ti yàrá baálé náà a sábà máa wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kékeré alápò tí à ń pè ní MiFi ni, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ yọ bátìrì. Abẹ́ ibẹ̀ ni bébà máa ń wà. Ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ẹ ti rí i. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí lẹ́tà kékeré. Òdo àti lẹ́tà O jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ náà ni oókan àti lẹ́tà l kékeré. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn sọ pé páswọ́ọ̀dù kò dára, tí ó sì jẹ́ pé òdo kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí O.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí ti ìdí àpótí kò bá ṣí i, ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó tò ó ti pa á dà. Ẹ yíjú sí fóònù tí ó ti so mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Fóònù yẹn mọ páswọ́ọ̀dù náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, láti oríṣi 10 sókè, ẹ lọ sí ibi ìṣètò Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yín, ẹ sì tẹ "Share". Yóò bi yín ní kọ́kọ́rọ́ fóònù, yóò sì gbé àwòrán onígun mẹ́rin kan jáde tí ó ní àmì wẹ́wẹ́. Lórí púpọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí páswọ́ọ̀dù náà lábẹ́ àwòrán yìí ní kedere. Lórí iPhone, láti iOS 16 ti ọdún 2022, ẹ lè tẹ ibi tí wọ́n kọ "Password" sí, yóò sì fi hàn yín. Olùkọ́ wa ti Lálúpọn, ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín yóò parí sí nìyí, mo gbàgbọ́. Fóònù ìyá àwọn ọmọ tó o.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù mìíràn ni ó ti so mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, òun náà lè jẹ́rìí. Lórí Windows 11, ẹ ṣí "Settings", ẹ wọ "Network & internet", lẹ́yìn náà "Wi-Fi", kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Manage known networks" sí. Ẹ yan orúkọ Wi-Fi yín, kí ẹ sì tẹ "View" ní ibi tí wọ́n ti dárúkọ kọ́kọ́rọ́. Ó parí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí kò bá sí ẹ̀rọ kankan tí ó ti so mọ́ ọn rí, ẹ wo ẹ̀yìn ráútà bóyá ihò wáyà wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "LAN" sí. Wáyà kan láti inú ihò yìí dé ara láptọ́ọ̀pù kì í béèrè páswọ́ọ̀dù Wi-Fi. Ẹ ó rí iṣẹ́ yín ṣe lójú ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè wọ yàrá baálé. Ẹ ṣí ibi tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 sí òkè. Ti MiFi mìíràn jẹ́ 192.168.8.1. Bí kò bá sí èyí tí ó ṣí, ẹ wo bébà ìdí àpótí, àdírẹ́sì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù kejì wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Wireless" tàbí "WLAN" sí, ẹ ó bá ti ẹnu ọ̀nà òde níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ti ìkẹyìn, ẹ má fi í ṣe àkọ́kọ́ o. Ihò tín-ín-rín kan wà lára àpótí tí wọ́n kọ "Reset" sí. Bí ẹ bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn iná rẹ̀ fi ṣẹ́jú, àpótí yóò gbàgbé ohun gbogbo, yóò sì padà sí bí ó ti wà nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ilé iṣẹ́. Páswọ́ọ̀dù ti ìdí àpótí yóò tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo fóònù inú ilé ni yóò já kúrò lára rẹ̀. Ti onísíìmù a sábà máa tún ara rẹ̀ tò, ṣùgbọ́n ti àwọn tí wọ́n fa wáyà wọlé fún lè ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ náà tẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá pa ìyẹn rẹ́, ẹ ti pa iná ọ̀sán. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín.

Ó wá kan ìyá wa ti Mọ́níyà. Ẹ wọ yàrá baálé bí mo ti wí. Ibì kan wà tí ó to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí ó so mọ́ àpótí náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ kà wọ́n. Bí ẹ̀rọ ilé yín bá jẹ́ mẹ́rin, tí ẹ sì ka mọ́kànlá, ẹ ti rí ajere náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pe aládùúgbò lólè. Àwọn ọmọ yín tí ń wo fídíò títí di òru lè mu dátà oṣù kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, láptọ́ọ̀pù tí ń tún ara rẹ̀ ṣe náà ń mu ún láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí àlejò níbẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ pa páswọ́ọ̀dù dà, gbogbo wọn ni yóò bọ́ sóde, ẹ̀yin ó sì pe àwọn tiyín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe oníbàárà lálejò, ọ̀pọ̀ ráútà ní ibi tí wọ́n kọ "Guest" sí: páswọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ fún àlejò, kí wọ́n má baà wọnú ilé pẹ̀lú yín.

Nígbà tí ẹ bá sì wà nínú yàrá baálé, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ yàrá náà dà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àpótí ni ó jẹ́ pé "admin" ni orúkọ, "admin" náà ni páswọ́ọ̀dù, gbogbo ayé ni ó sì mọ̀ ọ́n. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní 2016, ètò búburú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai fọ́n káàkiri ayé. Kò ní ọgbọ́n púpọ̀. Bí ọgọ́ta orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ ni ó kó lọ́wọ́, ó ń kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti ráútà kiri, èyí tí ó bá ṣí fún un di ẹrú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹkùn wa. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Daniel Kaye kó irú àwọn ẹrú bẹ́ẹ̀ jọ, ó fi wọ́n kọ lu ilé iṣẹ́ fóònù Lonestar ní Làìbéríà, nítorí pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń bá wọn du ọjà ni ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ìgbìyànjú rẹ̀ láti kó ráútà Jámánì mọ́ wọn ní oṣù kọkànlá 2016 da bí 900,000 ráútà rú. Ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní oṣù kìíní 2019. Àwọn tí ó ni àpótí wọ̀nyẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Wọ́n kàn fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, páswọ́ọ̀dù tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí lẹ́tà mẹ́jọ, bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn jù. Ẹ má lo nọ́ńbà fóònù yín tàbí orúkọ àkọ́bí yín. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí kò bára tan, tí ẹ so pọ̀ mọ́ nọ́ńbà, dára púpọ̀. Bí ẹ bá gbé àpótí fún oníṣẹ́ láti tún un ṣe, ẹ pa páswọ́ọ̀dù méjèèjì dà ní ọjọ́ tí ó bá gbé e padà, kì í ṣe pé a ń fi olè pè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí lẹ́yìn bàbá yín, mo ní gbólóhùn kan fún yín. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹni ni mo kọ́ yín láti wá, kì í ṣe ti ilé onílé. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 wà ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá já wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lè fi ẹ̀wọ̀n ṣeré.

Ní ti àwọn ọmọ rere tí ń ra ẹ̀rọ wá sílé fún òbí, ẹ kú ìtọ́jú. Kí ẹ tó wọkọ̀ padà, ẹ kọ orúkọ Wi-Fi, páswọ́ọ̀dù méjèèjì, àti nọ́ńbà síìmù inú rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi lé ìyá yín lọ́wọ́. Kí ìyá sì fi í sínú àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà, kì í ṣe ara ògiri ṣọ́ọ̀bù níbi tí gbogbo èrò ọjà ti ń kà á.

Ẹni tí ó bá tún ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ wá. Abéèrè kì í ṣìnà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.