Ẹ̀rọ Olówó Gọbọi, Omi Inú Afẹ́fẹ́ Fẹ́ Pa Á!

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin káfíńtà òde òní! Ẹ̀rọ CNC tí ń gbẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni ń yàwòrán ti wọ ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó. Èyí tó tún ń pààrọ̀ bíìtì fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá wo ni ò ní fẹ́? Kò kúkú jẹ́ nǹkan tuntun. Láti nǹkan bí 1958 ni ilé-iṣẹ́ Kearney & Trecker l'Ámẹ́ríkà ti gbé irú rẹ̀ tó ń gé irin jáde. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ò fura pé kì í ṣe iná nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kan náà tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Nínú orí ẹ̀rọ, àwọn sípíríǹgì tó le koko ló ń fa ọ̀pá irin kan sókè, ọ̀pá yẹn ló di ìdí bíìtì mú pinpin. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ tú bíìtì sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ti písítìnì wálẹ̀, tí á tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe é ò ya wèrè o. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ dákẹ́, bíìtì ò ní já bọ́. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló dì í mú ńkọ́? Irin mímú tó ń yí ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan á fò lọ bá ọmọ iṣẹ́ tó dúró nítòsí!

Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń béèrè afẹ́fẹ́ bíi bar 6, ìyẹn nǹkan bí 90 lórí gééjì fọkanáísà. Bó bá kéré, bíìtì ò ní tú tán, orí ẹ̀rọ á gbéra, á sì fa fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń gbé bíìtì kọ́ ya. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so swíìsì kan mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́, pé bí agbára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ dúró. Àwọn alágídí kan á wá so wáyà rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Hùn!

Ọ̀tá gan-an ni omi. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin, bó bá sì tutù nínú táǹkì, omi á sẹ̀ sísàlẹ̀. Fọkanáísà tó gbọ́n á ṣí ìdí táǹkì kí omi ọ̀hún dà nù. Ọ̀gá tó ra ẹ̀rọ ńlá ò ní rántí. Omi yẹn á gba inú rọ́bà lọ, ihò tí bíìtì ń jókòó sí á dípẹtà, bíìtì ò ní gún mọ́, ilẹ̀kùn tó yẹ kó dán á wá rí ṣákiṣàki. Bó bá dé bíárìn, owó orí tuntun nìyẹn. Fílítà tó ń gba omi àti ìdọ̀tí, pẹ̀lú rẹgulétọ̀ tó ní gééjì, ìtòsí ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n wà.

Òróró ńkọ́? Ẹ má da òróró sí i torí pé ṣọ́ọ̀bù kejì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fáàfù míì fẹ́ ẹ, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ihò bíìtì mọ́, àti èyí tó ń lé eruku kúrò lára bíárìn, gbígbẹ ló yẹ kó jẹ́. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kẹ́ ẹ kà.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí orí ẹ̀rọ dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n tú bíìtì, kí wọ́n tún dì í, nígbà mẹ́wàá, kí ẹnì kan máa wo gééjì. Bí ọwọ́ gééjì bá ń já wálẹ̀ púpọ̀ nígbàkúùgbà tó bá tú u, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà ti tín-ín-rín jù, tàbí kí táǹkì jìnnà jù. Kí wọ́n wá rọ́bà tó sanra díẹ̀ sí i.