Ẹja Wẹ́wẹ́ Inú Ọ̀sà: Ta Ni Ẹlẹ́ṣẹ̀, Ẹni Tí Ó Pa Á Ni Tàbí Ẹni Tí Ó Rà Á?

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé kí ló kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ ẹja. Ohun tí ó bá ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ìjọ mi kàn mí.

Ẹni tí ó bá jáde láti Sábó níhìn-ín, tí ó forí lé Mákòkó, kò ní rìn jìnnà kí ó tó bá àwọn ìyá alẹ́ja. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo inú abọ́ wọn dáadáa. Ẹ ó rí ẹ̀pìyà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ ó rí ọmọ ọ̀bọ̀kún, ẹ ó rí ṣàwá kéékèèké tí wọ́n kó jọ gègèrè bí ẹ̀wà. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ wẹ́ bí àwọ̀n ẹ̀fọn ni a fi ń kó irú wọn. Ẹja tí kò tíì yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ ni a ń dín lépo yìí.

Ọ̀sà wa yìí, ilé ọmọ ni Ọlọ́hun fi í ṣe fún ẹja. Nígbà òjò, omi odò Ògùn a máa ya wọ inú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a ti òkun gòkè wá. Ọ̀pọ̀ ẹja tí à ń pè ní ẹja òkun, inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń lo ìgbà èwe wọn, láàárín gbòǹgbò àwọn igi etí omi. Ẹ tún wo ẹ̀pìyà ọ̀sà. Bí abo bá ti yé ẹyin tán, akọ ni ó ń kó wọn sẹ́nu, tí ó ń pa wọ́n mọ́ níbẹ̀ títí wọn yóò fi di ọmọ, agbára káká ni ó sì fi ń rí nǹkan jẹ ní gbogbo àsìkò náà. Súbúhánà-Lọ́ọ̀! Baba mélòó láàárín àwa ọmọ ènìyàn ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ gbé irú baba bẹ́ẹ̀, odidi agbo ilé ni ó gbé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Wọ́n ní, "Àfáà, hàláàlì ni ẹja. Ẹni tí ó wọ hárámì ní Mọ́kà pàápàá, tí a ka ẹran ìgbẹ́ pípa léèwọ̀ fún, Ọlọ́hun gbà á láyè kí ó pa ẹja." Òótọ́ ni, ó wà nínú Súrà Al-Máídà. Ṣùgbọ́n jíjẹ ni a ṣe ní ẹ̀tọ́ fún wa, a kò ṣe ìparun ní ẹ̀tọ́. Ànábì Mùhámmádù, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fúnra rẹ̀ fi òfin dáàbò bo Mẹ̀dínà, pé a kò gbọ́dọ̀ dọdẹ ẹran inú rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gé igi rẹ̀. Ṣé ẹran wá di hàráàmù nítorí náà ni?

Ìtàn kan wà nínú Súrà Al-Aráàfù tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu ju gbogbo èyí lọ. Ìlú kan wà létí òkun nínú àwọn ọmọ Ísráílà, tí Ọlọ́hun ní kí wọ́n fi ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ láìpẹja. Láti dán wọn wò, ọjọ́ Sátidé gan-an ni ẹja ń wá lójú omi rẹpẹtẹ. Àwọn onítumọ̀ ròyìn pé wọ́n dá ọgbọ́n: wọ́n dẹ àwọ̀n sílẹ̀ ní Jímọ̀, wọ́n kó ẹja ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ń wí pé àwọn kò pẹja ní Sátidé. Ìlú pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ṣẹ̀, àwọn kan kìlọ̀, àwọn kẹta sì ń sọ fún àwọn tí ń kìlọ̀ pé kí ni ẹ ń da ara yín láàmù sí. Nígbà tí ìyà dé, Ọlọ́hun yọ àwọn tí ó kìlọ̀, ó sì sọ àwọn tí ó ṣẹ̀ di ọ̀bọ. Ní ti ìjọ kẹta, Àlùkùránì kò sọ ohun tí ó ṣe wọ́n. Ìdákẹ́ yẹn ni ó ń bà mí lẹ́rù, nítorí inú ìjọ kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa jókòó sí. "Èmi kọ́ ni mo dẹ àwọ̀n, owó mi ni mo fi rà á." Bí kò bá sí olùrà, ta ni apẹja yóò pa ọmọ ẹja fún?

Ìjọba kò ṣàì ṣòfin. Òfin ẹja pípa lójú òkun tí ó jáde ní 1992 lé àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n kúrò nínú máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etíkun, kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lè rí tiwọn ṣe. Òfin yìí kan náà ka fífi àdó olóró tàbí májèlé pa ẹja léèwọ̀. Síbẹ̀ àwọn kan ní ilẹ̀ wa ti da Gamalin 20, oògùn tí a ṣe fún kòkòrò ara kòkó, sínú omi, ó pa ńlá, ó pa kékeré, wọ́n sì gbé e wá sọ́jà.

Ní ọdún 1992 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ìjọba ilẹ̀ Kánádà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ẹja kọ́ọ̀dù mọ́ fún títà ní etíkun Newfoundland. Ẹja yìí jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń sá gbẹ ní Norway, tí àwọn ará wa Ìgbò ń pè ní okporoko. Wọ́n ti ń pa á níbẹ̀ láti nǹkan bí 500 ọdún, wọ́n sì rò pé kò lè tán láé. Àwọn ọkọ̀ ńlá oníẹ̀rọ dé, ó sì tán. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àsìkò òfin náà sí, ṣùgbọ́n ọdún 2024 ni wọ́n tó gbé e kúrò, ẹja náà kò sì tíì padà sí bí ó ti wà rí.

Èmi kò sọ pé apẹja nìkan ni ó ń ba ọ̀sà jẹ́. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wa yanrìn ń tú ilé ẹja ká, pàǹtí ìgboro ń ṣàn wọ inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú igi láti Òkó Bàbá sì ti ń bọ́ sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ó sọ tiwọn lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ àwa tí ń lọ sọ́jà ni mo ń sọ.

Ẹ̀yin ìyá alẹ́ja, mo mọ̀ pé ẹ ní ọmọ láti bọ́, àti pé bí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín bá kọ ẹja wẹ́wẹ́, ẹlòmíràn yóò rà á lójú rẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ yín ni kí ó jókòó, kí ẹ fẹnu kò lórí bí ẹja kọ̀ọ̀kan yóò ti tó kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ tí ń pẹja ní Mákòkó kì í ṣe òpè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lórí adágún Nokoué, àwọn ìbátan Ègùn ti ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi tipẹ́tipẹ́, kí ẹja lè ní ibi tí yóò ti bímọ; àkájà ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó ń dè wọ́n lọ́wọ́ ni owó. Àwọ̀n tuntun olójú ńlá kì í ṣe ohun tí ẹni tí ebi ń pa lè sáré rà.

Ibẹ̀ ni mọ́sálásí ti wọlé. Apẹja tí ó jẹ́ Mùsùlùmí aláìní, a lè fi sàká ra ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, sàráà kò yọ ọ́ sílẹ̀, a sì lè yá a lówó láìgba èlé. Mo ń bẹ àwọn lémọ́mù Sábó, Yábà àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí gun mínbárì ní Jímọ̀ tí ń bọ̀, kí àwọn akápò mọ́sálásí sì lọ béèrè iye tí àwọ̀n kan jẹ́ lọ́wọ́ àwọn apẹja fúnra wọn, kí Ràmàdáánì tó dé.