ẸLÒÓ NI AGBÁRA NÁÀ?



Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ní Fate níbí, bàbá kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń wá iṣẹ́ kiri, wo fíìmù Ànìkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022. Nígbà tí ó parí, ọmọ náà ní, "Bàbá, ká ní Sàró mọ̀ ọ́n ṣe ni, ì bá lówó títí ọjọ́ ayé rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí bàbá náà sùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò wò ó: ahunṣọ ni Sàró tí ó wá sí Ọ̀yọ́. Ó bá Arọ́lákẹ́, olorì ọba, ṣe panṣágà, wọ́n sì lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà jí i dìde, àdó tí a fi ń jí òkú sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Sàró di ẹni ńlá. Ó ń gbowó, ó ń kó ìyàwó jọ, ó sì gbàgbé Arọ́lákẹ́ tí ó dúró tì í. Nígbà tí ọmọ ọba kú, ó ní àfi bí wọ́n bá fi ọmọbìnrin ọba fún òun. Lọ́jọ́ náà ni àdó kò jẹ́ mọ́. Arọ́lákẹ́ ti ba iṣẹ́ inú rẹ̀ jẹ́, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ bi ọmọ yín pé: ta ni ó san owó agbára náà? Nínú Living in Bondage ti ọdún 1992, Andy fi Merit ìyàwó rẹ̀ ṣe òògùn owó. Owó dé, ṣùgbọ́n ẹ̀mí obìnrin náà kò jẹ́ kí ó sinmi. Ẹni tí ó sún mọ́ni jù ni irú agbára bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Kí á tó na ìka sí babaláwo, ẹ jẹ́ kí á wo inú ìjọ. Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì. Géhásì sáré tẹ̀lé e, ó gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì. Ẹ̀tẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ òun àti irú-ọmọ rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 5). Ẹni tí ó ń díye lé àdúrà, Sàró ni. Àdó nìkan ni kò gbé lọ́wọ́.

Mo ní kí bàbá náà má ṣe pariwo mọ́ ọmọ. Àìríṣẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí ó bá a wá ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ nínú ìjọ, kí ó sì sọ fún un pé lórí àgbélébùú, Ẹni tí ó ní agbára ni ó fi ara rẹ̀ san owó rẹ̀.

Olúwa kì yóò jẹ́ kí ọmọ wa ra ohun tí yóò tà wá. Àmín.