Ẹ Kọ́ Wọn Pọ̀, Kí Aláìsàn Má Kú Sáàárín Wọn

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni a mú wá.

Ẹ rántí ọdún 2014. Ní oṣù keje, àwọn dókítà ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò da tiwọn sílẹ̀. Ọ̀ràn ta ni ọ̀gá wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀. Àwọn dókítà kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́ tí Ebola fi wọ Èkó. Síbẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń tọpa ẹni tí ó fara kan aláìsàn láti ilé dé ilé fi ọwọ́ so ọwọ́. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú. Ní 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Wọ́n mọ àjọṣe í ṣe nígbà náà! Ẹ̀rù ni ó kọ́ wọn. Kí ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ kò fi níí kọ́ wọn kí ẹ̀rù tó dé?

Ní Kogi níbí, Obangede ni a ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, Idah ni a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn, yunifásítì ni dókítà ń lọ. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà máa fi ẹ̀kọ́ kan náà ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wọn: abiyamọ kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Kí olúkúlùkù kọ ohun tí iṣẹ́ tirẹ̀ yóò ṣe, kí ó sì ka ti ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n péjọ sí ilé ìwòsàn kan ní Lokoja, kí wọ́n fọwọ́ ṣe é lójú olùkọ́. Fóònù nìkan kò tó, a kì í fi fóònù gbẹ̀bí. Ìpéjọ nìkan kò sì ṣeé ṣe lóòrèkóòrè, nítorí Idah jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n.

Àwọn kan ń wí pé èyí yóò ba ipò dókítà jẹ́. Irọ́ ni! Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olórí tí kò mọ iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ipò rẹ̀ ń bàjẹ́.

Nítorí náà, kí ẹka kọ̀ọ̀kan kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó wà. Wọn kì í pè wá ní àlejò nígbà tí a bá ń san owó orí. Kí wọ́n má pè wá bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń béèrè ìlera.